Hafeezah Ní Kò Sí

Inú máa ń tètè bí mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní Ore, kò sì sí ọ̀kan nínú ọdún wọ̀nyẹn tí pàṣán kò ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ Omifunfun ni mí, Lydia lorúkọ mi. Tí mo bá ti bínú, èdè Ìkálẹ̀ tiwa ló kù tí mo máa ń sọ. Àwọn ọmọ oníṣòwò tó wá láti ibòmíràn kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

Ọdún 1985 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn sójà ní kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà. A ń tò kí a tó wọ ọkọ̀, a ń tò kí a tó ra ọṣẹ. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, bẹ́ńṣì méjìlá ni a ní. Mo máa ń ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì kan sí mẹ́ta kó lè pẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà, ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúbáyọ̀, pe gbogbo àwa olùkọ́ jọ, ó ka lẹ́tà kan tó ti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wá sí wa létí. Wọ́n ní àyè kò sí mọ́. Ọmọ tó bá ti lo ọdún méjì ní kíláàsì kìíní, tí kò lè ka nǹkan dé ogún níwájú alábẹ̀wò, kó máa lọ sílé. Kò ní tún kíláàsì náà ṣe, ilé-ìwé ìjọba mìíràn kò sì gbọdọ̀ gbà á. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọmọ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà kàn lọ́dọ̀ mi. Ọkàn mi balẹ̀ lórí mẹ́ta nínú wọn. Ẹ̀kẹrin ni Hafeezah.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Hafeezah, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, òwú dúdú ló wà ní ihò etí rẹ̀. Jàmíátù tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ló bí i. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, òun ló kọ́kọ́ mọ nǹkan kà nínú gbogbo wọn. Mo máa ń kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ìka kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kà á sókè kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́. Hafeezah ka fèrèsé, ó ka bẹ́ńṣì, ó ka ọkọ̀ tó ń kọjá lójú ọ̀nà márosẹ̀ títí mo fi ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni gbogbo rẹ̀ dàrú.

Ó ń kọ ábídí rẹ̀ dáadáa, orin tí a bá sì kọ, ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí o bá ti bi í pé mélòó, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Màá to ìdérí ìgò márùn-ún sórí tábìlì, èyí tí mo ṣà níwájú àwọn ilé ọtí létí títì. Màá ní, "Hafeezah, mélòó nìyí?" Á wo àwọn ìdérí náà, á wo ojú mi, á wá ní, "Kò sí, Àńtí."

Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á gbé pàṣán.

Mo nà án lọ́dún àkọ́kọ́, mo nà án lọ́dún kejì. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni pé kì í sunkún. Kí n tó ní kó na ọwọ́, ó ti nà án. Mo rò pé agídí ni. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bóyá orí rẹ̀ ló ti kú. Nínú ìdánwò, òdo ló gbà nínú ìṣirò, ìdí nìyẹn tó fi tún kíláàsì ṣe.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn, mo rán an níṣẹ́ láìronú. Ìwé kíkà wa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo ní kó lọ kó wá fún àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Nígbà tó dé, ó pín in. Ó kárí, kò sì sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka àwọn ọmọ náà. Mọ́kànlá ni wọ́n.

Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kà. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló ti ń fi mí ṣeré, òun tí wọ́n máa lé lọ sílé ní ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ara mi gbóná. Bí a ṣe jáde ní ọ̀sán, mo gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ tààrà, mi ò tilẹ̀ yà sílé jẹun.

Àwọn ọkọ̀ Benin ń fọn fèrè nínú gáréèjì nígbà tí mo débẹ̀. Jàmíátù jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo rántí pé ṣọ́ọ̀bù náà máa ń kún fún ọjà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, iyọ̀, ìṣáná àti àbẹ́là ló kù lórí pákó. Ó dìde fún mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Tísà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó, Ìyá Hafeezah. Ọmọ yín ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ nǹkan kà, ó ń díbọ́n. Tí mo bá bi í pé mélòó, kò sí ni yóò máa wí. Níwájú gbogbo kíláàsì."

Mo retí pé yóò bínú sí ọmọ náà, tàbí kó bẹ̀ mí. Ojú Jàmíátù tú ká bíi ti ẹni tí wọ́n mú ìròyìn ayọ̀ wá fún.

"Ó ní kò sí?" ó bi mí. "Fún ẹ̀yin náà? Alihamudulilahi. Ọmọ mi ti gbọ́n."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo jókòó láìmọ̀ pé mo jókòó.

Nígbà tó rí ojú mi, ó wo ìta, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ díẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ fún mi. Oṣù kejì ọdún tó ṣáájú ni. Àwọn sójà ń wọ ṣọ́ọ̀bù kiri, wọ́n ń wá àwọn tó ń kó ọjà pamọ́. Gàzálì ọkọ rẹ̀ ti kó mílíìkì alágolo wá láti Èkó. Wọ́n bi í, ó ní páálí méjì tó wà lórí pákó yẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Hafeezah ti ilé-ìwé dé.

"Ọ̀kan nínú wọn lóṣòó níwájú rẹ̀," Jàmíátù ní. "Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó fún un ní bisikíìtì. Ó ní, 'Ọmọ dáadáa, mélòó ni páálí tó wà ní yàrá yín?' Tísà, ọmọ mi fà á lọ́wọ́ wọ yàrá. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kà á sókè bí ẹ ṣe kọ́ wọn. Ó ní, 'Mẹ́rìnlá ni, sà.' Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀ pé kó yin òun."

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún Gàzálì. Ó ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ yìí.

"Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kọ́ ọ," Jàmíátù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ pé mélòó, kò sí ni kó o wí. Mo sì máa ń dán an wò. Màá bu ẹ̀pà síwájú rẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá ní, 'Ọmọ mi dáadáa, kà á fún Màámi.' Tó bá kà á, màá nà án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà kó tó yé e."

Ìyá rẹ̀ ń nà án tó bá kà, èmi ń nà án tí kò bá kà. Àárín pàṣán méjì ni ọmọ yẹn ń gbé, kò sì sọ fún ẹnì kan. Mo rántí ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń nà sílẹ̀ dè mí, omi sì bọ́ lójú mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ojú sì tún tì mí. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ wa pé ohun tó bá fa ìrora fún ọmọdé, ohunkóhun tó bá jọ ọ́ ni yóò máa sá fún. Wọ́n kọ́ wa pé ọwọ́ ọmọ lè mọ nǹkan tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìdánwò, mo gba máàkì ńlá, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì fún Jàmíátù. Ó mirí.

"Tísà, ilé-ìwé dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ mi ni wọ́n fi mú ọkọ mi. Mi ò lè ní kó tún máa la ẹnu yẹn fún ìjọba."

"Wọ́n á lé e, Ìyá Hafeezah. Kò ní padà mọ́ láéláé."

Ó ń fi ìka to àwọn ìṣáná rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní Gàzálì ló ní kí ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé. Gàzálì ní òun ò fẹ́ kó máa fi àtàǹpàkò tẹ ìwé bí ti òun. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun á sọ fún un nílé pé kó kà á, òun á sì wá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó lè rí òun.

Lọ́jọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, mo ti pàṣán bọ inú àjà. Mi ò bi Hafeezah ní ìbéèrè kankan. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mo ń gbèrò.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ni orúkọ alábẹ̀wò náà, àgbàlagbà tó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ àwọn sójà tó ń lọ sí Benin ló gbé e wá, nítorí ọkọ̀ ọ́fíìsì tiwọn kò ní táyà. Mi ò retí èyí rárá. Sójà kan tẹ̀lé e wá sí kíláàsì mi, ó fara ti ẹnu ọ̀nà, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Mo wo Hafeezah. Bàtà sójà náà ló ń wò.

Mo to ogún ìdérí ìgò sórí tábìlì. Ọmọ àkọ́kọ́ kà á tán. Èkejì kà á. Ẹ̀kẹta há sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀. Alábẹ̀wò ń fi máàkì sí ìwé rẹ̀.

"Hafeezah," ó pè é. "Wá. Mélòó nìyí?"

"Kò sí, sà."

Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ pé ọjọ́ yìí yàtọ̀.

Alábẹ̀wò yọ awò ojú rẹ̀. "Wò ó dáadáa. Mélòó?"

"Kò sí, sà."

Mo sọ fún alábẹ̀wò pé ìyá ọmọ náà wà níta, kó jẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kó yá. Jàmíátù wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ sójà náà kọjá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Kí ọmọ má bàa bẹ̀rù, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi dáadáa," ó ní, "kà á fún Màámi."

Ọ̀rọ̀ kan náà tó fi ń dán an wò nílé ni, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà. Mo ti mọ ohun tí ọmọ náà máa sọ kó tó sọ ọ́.

Hafeezah wo sójà, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Kò sí, Màámi," ó ní, ó sì dúró kí ìyá rẹ̀ yin òun.

Jàmíátù fọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Alábẹ̀wò wọ awò ojú rẹ̀ padà, ó ṣí bírò.

"Ó ti tó," ó ní. "Kí wọ́n máa mú un lọ sílé."

"Ẹ dúró, sà." Mo bọ́ síwájú rẹ̀.

"Màdáámù, ohun tí ìwé yìí wí ni pé kó kà á."

"Ìwé yín ní kó ka ogún. Kò ní kó pariwo rẹ̀."

Ó gbójú sókè wò mí. Ọ̀gbẹ́ni Olúbáyọ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n pa ẹnu mi mọ́. Ẹnu tèmi kọ̀.

"Ẹ bá mi mú àwọn ọmọ dìde, sà, iye tó bá wù yín. Ẹ má sọ iye wọn fún èmi gan-an."

Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n ń tò síwájú pátákó. Mo kọ ojú sí ògiri. Nígbà tó ṣe tán, mo pe Hafeezah.

"Agolo ìdérí ìgò wà lórí tábìlì ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Lọ mú wá fún àwọn tó dúró yìí. Ìdérí kan fún ọmọ kan. Kó kárí, kó má sì ṣẹ́ kù."

Ó wo ìlà náà. Ẹnu rẹ̀ kò mì, ṣùgbọ́n mo rí ìka rẹ̀ tó ń lu ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Sójà náà dí ọ̀nà. Hafeezah kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún ọmọ mi," mo wí fún sójà náà, Ìkálẹ̀ ló sì jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ. Ó wo ojú mi, ó sì yà. Ọmọ náà sáré jáde.

Alábẹ̀wò kò dúró lásán. Bí Hafeezah ṣe jáde, ó tọ́ka sí ọmọ méjì nínú àwọn tó dúró, ó ní kí wọ́n padà lọ jókòó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

Hafeezah padà dé, ó fi etí aṣọ rẹ̀ gbá àwọn ìdérí náà jọ. Ó pín in láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ìdérí kan, ọmọ kan. Nígbà tó dé òpin, ìdérí méjì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n. Jàmíátù ti fi aṣọ bo ojú nílẹ̀ tó wà, kò lè wò ó.

Ọmọ náà yíjú padà, ó wo ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá wo àwọn bẹ́ńṣì. Ó rìn lọ bá ọmọ àkọ́kọ́ tó ti jókòó, ó fún un ní tirẹ̀. Ó kọjá lọ sí bẹ́ńṣì kẹta, ó fún èkejì. Ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, ó padà wá dúró níwájú mi.

Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ka gbogbo àwọn tó gba ìdérí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kànlélógún ni wọ́n.

"Ó mọ̀ ọ́n," ó ní, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. "Kíláàsì kejì." Kò wo ojú mi, ó kàn yí ìwé síbòmíràn, ó bá ọ̀gá wa jáde lọ. Sójà náà tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí a ò gbúròó ọkọ̀ wọn mọ́, mo ní kí àwọn ọmọ máa lọ ṣeré. Jàmíátù lọ bọ́jú nídìí kàǹga. Èmi jókòó sídìí tábìlì. Ogún ìdérí tí a tò láàárọ̀ ṣì wà níwájú mi.

Hafeezah kò tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá bá mi, ó fi ẹnu rẹ̀ sún mọ́ etí mi.

"Àńtí, mẹ́rìnlá ni."

Mo rò pé ìdérí ló ń sọ. Mo ní, "Rárá, ogún ni mo tò."

"Páálí mílíìkì bàbá mi," ó ní. "Mo fi ìka kàn án bí ẹ ṣe kọ́ wa. Àbí mo ṣì í kà ni?"

"O ò ṣì í kà," mo ní. "Mẹ́rìnlá ni. O kà á dáadáa."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń rò ó pé bóyá mẹ́tàlá ni, pé bóyá nítorí òun ṣì í kà ni wọ́n ṣe mú bàbá òun lọ, tí gbogbo wa sì ń na òun. Mo gbé e jókòó lé ẹsẹ̀ mi, mo bẹ̀ ẹ́, èmi Lydia, mo sì sunkún níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi dé bá wa.